Ọṣẹ ní Imú Bàálù Bébà

Ní agogo mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, wákàtí tí ọmọ ilé-ìwé kankan kì í tíì jáde, Ìdíátù yọ lọ́ọ̀ọ́kán nínú ọjà Kantamanto. Sàúdátù ìyá rẹ̀ wà nídìí àtẹ ọṣẹ. Ó ti lọ́ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ìka ọwọ́ méjèèjì, ó fẹ́ fi gé ọ̀pá ọṣẹ gbọọrọ kan. Bí ó ti gbójú sókè báyìí, aṣọ ilé-ìwé ló kọ́kọ́ rí, ó rí báàgì lọ́rùn ọmọ, ó wá rí ojú ọmọ náà fúnra rẹ̀. Ojú gbẹ táútáú. Èyí ló já a láyà jù, nítorí ẹkún kò wọ́n lójú Ìdíátù rárá. Ọmọ ọdún méjìlá ni, bí eṣinṣin bá bà sínú ẹ̀kọ rẹ̀, ó lè sunkún títí di ọ̀sán.

"Ta ló kú?" ni Sàúdátù bi í.

"Kò sẹ́ni tó kú, Màámi."

"Ta ló ṣubú?"

"Ara gbogbo wọn le. Tíṣà Lántéì ló ní kí n máa lọ sílé."

Wáyà dẹ̀ lọ́wọ́ Sàúdátù. Kí ẹ tó lè mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti wúwo tó, ẹ gbọ́ pé nínú agbo ilé tí wọ́n ń gbé ní Cow Lane, ilé oníyàrá mẹ́rìndínlógún, kò tíì sí ọmọbìnrin Alátà kan, bí onílùú ṣe ń pe àwọn àlejò bíi tiwọn, tó kọjá kíláàsì kẹta rí. Ìdíátù ni àkọ́kọ́. Sàúdátù fúnra rẹ̀ kò mọ a yàtọ̀ sí b. Ìwé tó mọ̀ kò ju ìwé ìròyìn àtijọ́ tí ó ń rà ní ìdì-ìdì lọ́wọ́ àwọn akọ̀wé ọ́fíìsì, tí ó fi ń di ọṣẹ fún oníbàárà. Ṣùgbọ́n ó mọ bébà dì. Á ṣẹ́ ẹ po, á fi èékánná àtàǹpàkò fà á láti òkè dé ilẹ̀, ojú ìṣẹ́po náà á sì mú bí abẹ. Ìdíátù ti kọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tí kò tíì ga tó àtẹ.

"Jókòó," ni Sàúdátù wí. "Sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Má fi nǹkan kan pamọ́ fún mi."

Ìdíátù jókòó sórí pákó, ó sì sọ ọ́.

Ẹ̀kọ́ nípa bí nǹkan ṣe ń fò ni Tíṣà Lántéì kọ́ wọn ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ó fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ojú bébà kan, ó ní kí wọ́n ṣẹ́ ẹ ní bàálù. Ó wá kọ ọ́ gàdàgbà sójú pátákó pé ohun tó bá fúyẹ́ ni yóò fò, ohun tó bá wúwo ni yóò já bọ́. Ó ní àṣírí gbogbo rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Ìdíátù nawọ́. Ó ní, "Tíṣà, bàálù tó ń kọjá lórí ilé wa, ṣé ó fúyẹ́ ni?" Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Tíṣà ní ẹ́ńjìnì ló ń fa ìyẹn, kí ó jókòó. Ìdíátù jókòó. Ṣùgbọ́n àfọ́kù ọṣẹ kò tán lápò ọmọ ọlọ́ṣẹ rí. Ó mú díẹ̀, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́ imú bàálù rẹ̀, ó sì jù ú.

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

"Tíṣà ti ju tirẹ̀, ó já sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ bẹ́ǹṣì àkọ́kọ́. Tèmi fò láti ẹ̀yìn kíláàsì lọ ba pátákó. Abẹ́ ibi tó kọ 'fúyẹ́' sí gan-an ni imú rẹ̀ kàn."

Sàúdátù fi ọwọ́ bo ẹnu. Kò fẹ́ kí ọmọ rí eyín òun.

"Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín," ni Ìdíátù ń bá a lọ. "Tíṣà ní èrú ni mo ṣe. Ó ní àwọn Alátà, bí wọ́n bá dé ilé ayé, àríyànjiyàn ni wọ́n kọ́kọ́ ń bí, kí wọ́n tó bí ọmọ. Ó ní títí n ó fi kúnlẹ̀ níwájú gbogbo ilé-ìwé, tí n ó sì sọ pé irọ́ ni mo pa, kí n má padà wá. Ó ní bó bá di àárọ̀ ọjọ́ Ajé tí n kò kúnlẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò gba àga mi."

"Ìwọ wá dá a lóhùn pé kí ni?"

"Mo ní, 'Tíṣà, ó fò kẹ̀.'"

Nítòsí ibẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ kan dákẹ́ lójijì. Ẹ̀rọ Bàdírù ni, ẹ̀gbọ́n ọkọ Sàúdátù, tó ń tún aṣọ àlòkù ṣe ní iwájú àwọn oníbéèlì tó ń ta aṣọ náà ní ìdì. Àjàlá tó jẹ́ ọkọ Sàúdátù ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Tamale, ó lè lo oṣù kan gbáko kí ó tó wálé, nítorí náà Bàdírù ni baba ilé. Ìyàwó ilé kì í pe ẹ̀gbọ́n ọkọ lórúkọ. Bàbá Tàjù ni Sàúdátù ń pè é, nítorí Tàjùdíìnì àkọ́bí rẹ̀. Bàdírù dìde tòun ti téèpù lọ́rùn.

"Ìyàwó," ni ó wí, "mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó rọrùn ni. Lọ́jọ́ Ajé, n ó wọ aṣọ ńlá mi, a ó mú ọmọ lọ, yóò kúnlẹ̀, ó parí. Orúnkún ọmọ kì í bàjẹ́ nípa kíkúnlẹ̀."

"Kí ó kúnlẹ̀, kí ó sọ pé irọ́ ni òun pa?"

"Kí ló kàn wá nínú bébà tó fò àti bébà tí kò fò? Àlejò ni wá nílùú yìí. Ìlú ti gba òmìnira, ọwọ́ onílùú ni gbogbo nǹkan wà báyìí. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ 'Alátà, ẹ máa lọ sílé yín' lẹ́nu àwọn tí mo ń rán ṣòkòtò fún. Ṣé ìwọ kì í gbọ́ ọ ni?"

"Mo ń gbọ́ ọ. Mo sì ń gé ọṣẹ fún wọn." Sàúdátù gbé wáyà sílẹ̀ pátápátá. "Bàbá Tàjù, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ìwọ́ ọmọ yìí wà?"

Bàdírù ń fa téèpù ọrùn rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ilé ìwẹ̀ ní Cow Lane, lẹ́bàá ìkòkò omi. Àlejò wo ló máa ń ri ìwọ́ mọ́lẹ̀ nílé onílé? Lọ́jọ́ òmìnira ńkọ́, ṣé n kò sí ní pápá tí wọ́n ti kéde rẹ̀ ni? Sálúbàtà ẹsẹ̀ òsì mi sọnù síbẹ̀ títí di òní. Ìlú tó gba sálúbàtà lẹ́sẹ̀ mi, mo ti bá a dá nǹkan pọ̀ nìyẹn."

"O ti bẹ̀rẹ̀," ni Bàdírù wí. "O ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọkọ rẹ ló kó ìwà yìí ràn ọ́."

"Èmi ni mo kó o ràn án."

Alájàpá kan tó gbé ẹrù aṣọ kọjá rẹ́rìn-ín. Bàdírù padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń kùn. Sàúdátù kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ bá a sọ̀rọ̀, ohùn tí Ìdíátù mọ̀ pé kò ṣeé fi ṣeré.

"Gbọ́. Bó bá jẹ́ irọ́ lo pa, èmi fúnra mi ni n ó fà ọ́ lọ, n ó sì kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni, kò sí baba ẹni tí yóò fi orúnkún ọmọ mi nu ilẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò ní lọ bá wọn fa ohun tí n kò fi ojú mi rí. Lọ́jọ́ Àìkú, o ó fi hàn mí."

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, àwọn méjèèjì gun ọ̀dẹ̀dẹ̀ pákó tó wà ní òkè ilé. Abena, ọmọ ayálégbé ẹ̀gbẹ́ wọn, tí òun àti Ìdíátù jọ wà ní kíláàsì kan náà, dúró sí àgbàlá nísàlẹ̀ láti máa ṣa ohun tó bá já bọ́. Aṣọ ló ń fọ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì fi ọpọ́n aṣọ sílẹ̀ sí ibi tó wà. Sàúdátù kó ìdì ìwé ìròyìn kan wá tòun ti odindi ọ̀pá ọṣẹ.

Ìdíátù kọ́kọ́ ju ojú bébà lásán tí kò ṣẹ́. Bébà náà mì légbelègbe, ó yí po, ó bọ́ sí ìdí ògiri tó wà nísàlẹ̀ wọn gan-an.

"Èyí ló fúyẹ́ jù nínú gbogbo wọn," ni Ìdíátù wí. "Bó bá jẹ́ fífúyẹ́ nìkan ni, òun ló yẹ kó dé òpópónà."

Ó ṣẹ́ èkejì ní bàálù, ó fi èékánná fà á, kò fi ọṣẹ sí i. Ó jù ú. Bàálù náà gbé imú sókè, ó dúró lójú òfurufú bí ẹni tó gbàgbé ohun kan sílé, ó sì fi ìdí wálẹ̀. Ìgbà tó tẹ ọṣẹ mọ́ imú ẹ̀kẹta, ohun mìíràn ni wọ́n rí. Ó lọ. Kò yára, kò mì. Ó kọjá lórí ọpọ́n Abena, ó kọjá lórí okùn aṣọ, ó lọ fi imú kan ilẹ̀kùn ìta níbi tí wọ́n so ewúrẹ́ kan mọ́.

"Ẹ̀yin lókè níbẹ̀!" ni Abena pariwo. "Ó dé ọ̀dọ̀ ewúrẹ́ o!"

Sàúdátù na ọwọ́. "Mú wá. Èmi náà fẹ́ ju."

Ó ṣẹ́ tirẹ̀, ìṣẹ́po tó mọ́ ju ti ọmọ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan ọ̀rọ̀ ọṣẹ, ìdí bàálù ni ó lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ìdíátù la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ó tún pa á dé. Ọmọ márùn-ún ni Sàúdátù ti pọ̀n rí, kò sì sí èyí tó pọ̀n síwájú nínú wọn. Bí nǹkan bá wúwo, ẹ̀yìn ni obìnrin ń gbé e sí. Ohun tí ara rẹ̀ mọ̀ nìyẹn, ọwọ́ rẹ̀ kò sì bi í léèrè kí ó tó ṣe é. Ó ju bàálù náà. Bàálù náà gbọ̀n rìrì, ó nà dìde bí ẹṣin tó kọ ẹrù, ó wá jókòó sílẹ̀ pìì.

Abena dì mọ́ ògiri, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ṣé èmi lo ń rín, Abena?"

"Rárá o, Màámi. Bàálù yín ló ń pani lẹ́rìn-ín."

Sàúdátù mú òmíràn. Lọ́tẹ̀ yìí ó fi ọṣẹ sí imú, ṣùgbọ́n ó bù ú bí ẹni tó ń bù fún oníbàárà àtàtà. Bàálù náà dorí kodò láti ọwọ́ rẹ̀ lọ tààrà sínú ọpọ́n aṣọ Abena. Ẹ̀rín wá kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Ó pọ̀ jù," ni Ìdíátù wí. "Bí ẹyọ ẹ̀wà kan ni kó ṣe. Ẹ wò ó, Màámi, bí imú bá fúyẹ́ jù, afẹ́fẹ́ á gbé e sókè, á sì jókòó sórí ìdí. Bí ó bá wúwo jù, á dojú bolẹ̀. Bó bá ṣe déédéé, imú á máa wo ọ̀nà, apá méjèèjì á wá máa gun orí afẹ́fẹ́ lọ."

"Orí afẹ́fẹ́ wo? Kí ló wà nínú afẹ́fẹ́ tí èèyàn lè gùn?"

"Tapólì orí àtẹ wa ńkọ́? Ọjọ́ tí ìjì jà, kí ló gbé e?"

Sàúdátù rántí ọjọ́ náà dáadáa. Òun àti alátẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n jọ di tapólì náà mú ní igun méjèèjì, afẹ́fẹ́ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ẹsẹ̀ wọn kúrò nílẹ̀. Ẹni tí afẹ́fẹ́ ti bá wọ̀jà rí kò ní sọ pé òfìfo ni. Ó bu ọṣẹ bí ẹyọ ẹ̀wà kan, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ imú bébà, ó ṣẹ́ etí apá rẹ̀ sókè díẹ̀ bí ọmọ ti ṣe, ó sì jù ú láìfi agbára sí i. Ó fi ojú tẹ̀ lé e títí ó fi kọjá lórí ilẹ̀kùn, tó bọ́ sí òpópónà Cow Lane, níbi tí ọkùnrin kan ti fi fìlà gbà á.

Sàúdátù ní, "Òótọ́ lo sọ. Kó ọṣẹ yẹn sínú báàgì rẹ."

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Sàúdátù, Ìdíátù àti Bàdírù wọ ilé-ìwé ní Adabraka. Bàdírù wọ agbádá funfun, ó sì ti ń dárò lójú ọ̀nà bí ẹni tó ń lọ gba òkú. Àwọn ọmọ ti tò sí pápá. Hẹdimásítà dúró lórí àtẹ̀gùn nínú ṣòkòtò péńpé àti ìbọ̀sẹ̀ gígùn, Tíṣà Lántéì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ìwé àkọsílẹ̀ kan lábíyá.

Sàúdátù rìn tààrà dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn. Ó sì kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì nínú yanrìn.

Bàdírù mí kanlẹ̀. Ó ní "Àlùhámúdùlílà" lábẹ́ èémí. Tíṣà Lántéì náà gbé àgbọ̀n sókè. Hẹdimásítà na ọwọ́ sí obìnrin náà pẹ̀lú àánú, ó ní ní èdè Gà pé, "Ó tó, ìyá. Dìde. A ti gba ẹ̀bẹ̀ rẹ. Kí ọmọ náà wá kúnlẹ̀ tirẹ̀."

Sàúdátù dìde, ó gbọn yanrìn kúrò lára ìró. Èdè Gà tó fi ń tajà ni ó fi dá a lóhùn, gbogbo pápá sì gbọ́ ọ.

"Ẹ kú àárọ̀, sà. Ìkíni nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kí àgbà nílé wa, ojoojúmọ́ ni mo ń ṣe é, kò sì dùn mí. Ti ẹ̀bẹ̀ ni n kò mú wá."

"Ìyàwó!" ni Bàdírù kígbe.

"Bàbá Tàjù, ẹ fara balẹ̀." Kò wẹ̀yìn. "Sà, wọ́n ní kí ọmọ mi sọ pé irọ́ ni òun pa. Mo ti wádìí rẹ̀. Kò parọ́. Bí ẹ bá fẹ́ kó kúnlẹ̀ kí yín, yóò kúnlẹ̀ báyìí. Bó bá jẹ́ láti sẹ́ ohun tó fi ojú ara rẹ̀ rí ni, ẹ fún ẹlòmíràn ní àga náà. A ó lọ."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí nira fún un, nítorí kò sí ohun tó fẹ́ láyé bíi kí ọmọ yẹn jókòó lórí àga yẹn. Ó sọ ọ́ tán ṣá.

Hẹdimásítà wo Tíṣà. Tíṣà ní, "Sà, ọṣẹ ló lẹ̀ mọ́ ọn. Èrú ni."

"Ìdíátù," ni Sàúdátù wí, "fún Tíṣà ní bàálù méjèèjì. Ọ̀kan tó lọ́ṣẹ, ọ̀kan tí kò lọ́ṣẹ. Má fi ọwọ́ rẹ jù ú. Ọwọ́ tirẹ̀ ni kó fi jù ú."

Ìdíátù yọ bàálù méjì nínú báàgì rẹ̀, ó gun àtẹ̀gùn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé bàálù bébà náà fún Tíṣà, ó sì tẹ orúnkún díẹ̀ bí ọmọ tó ní ẹ̀kọ́. Tíṣà Lántéì kò fẹ́ gbà á. Ṣùgbọ́n igba ojú ló ń wò ó, pẹ̀lú ojú hẹdimásítà. Ó gba èyí tí kò lọ́ṣẹ, ó jù ú. Bàálù náà gbé imú sókè, ó wálẹ̀ sórí àtẹ̀gùn kẹta. Ó gba èkejì, ó yí i wò, ó fi ìka kan ọṣẹ, ó jù ú. Bàálù náà lọ lórí orí àwọn ọmọ kíláàsì kíní, lórí àwọn kejì, lórí ti ẹ̀kẹta, gbogbo orí ń yí tẹ̀ lé e, ó sì lọ sinmi lẹ́yìn Abena tó wà ní ìlà tó gbẹ̀yìn.

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ó yà Sàúdátù lẹ́nu. Ó ti múra sílẹ̀ de ẹ̀rín.

Tíṣà Lántéì sọ̀ kalẹ̀, ó rìn la àárín àwọn ọmọ kọjá, ó mú bàálù náà wá. Ó yọ ọṣẹ kúrò, ó tún un jù. Ó já bọ́. Ó tẹ ọṣẹ padà, ó jù ú. Ó lọ. Ó dà bí ẹni pé Tíṣà ti gbàgbé pé àwọn èèyàn wà níbẹ̀. Nígbà tó padà dé, ó la ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, ó wo ojú ewé kan fún ìgbà pípẹ́.

"Bí wọ́n ṣe kọ́ mi ní kọ́lẹ́ẹ̀jì nìyí," ni ó wí. Kò sí ẹni tó mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ó wá gbé ohùn sókè. "Síbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ bẹ̀bẹ̀ fún ariwo tí kíláàsì pa."

"Àwọn tó pariwo ńkọ́?" ni Sàúdátù wí. "Ẹ ní kí gbogbo wọn kúnlẹ̀, Tíṣà. Tiwa á kúnlẹ̀ láàárín wọn."

Hẹdimásítà ju ojú sí ilẹ̀. Ẹ̀rín ni ó ń gbé mì. Nígbà tó gbójú sókè, ó ní, "Ìdíátù Àjàlá, lọ sí ìlà rẹ. Agogo ti fẹ́ lù."

Ìdíátù lọ. Kò sáré. Nígbà tí wọ́n dé Kantamanto, tí wọ́n fẹ́ ya sí ìdí àtẹ, Bàdírù ní, "Orí kunkun yìí, n ó sọ fún Àjàlá." Sàúdátù ní kí ó bá òun kí i dáadáa.

Ó na tapólì, ó lọ́ wáyà mọ́ ìka. Oníbàárà àkọ́kọ́ jẹ́ obìnrin kan láti Adabraka, ẹni tí kò ra ọṣẹ rí láìdúnàá-dúrà. Ó gbé ọṣẹ kan, ó yí i sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì, ó na ìka sí ibi tí wọ́n ti bù nínú rẹ̀.

"Ìyá Alátà, igun ọṣẹ yìí dà? Eku ló jẹ ẹ́ ni?"

Sàúdátù gba ọṣẹ náà, ó fi ìwé ìròyìn dì í, ó fi èékánná fa ojú ìṣẹ́po náà láti òkè dé ilẹ̀, ó sì gbé e lé obìnrin náà lọ́wọ́.

"Ó wà ní ilé-ìwé," ni ó wí. "Bí o kò bá fẹ́ ẹ, gbé e kalẹ̀."